Ihò Inú Gègé: Iṣẹ́ Gègé Alátàdáwà Àkọ́kọ́ Lórí Ẹ̀rọ Léètì

Gègé alátàdáwà, èyí tí àwọn akọ̀wé àtijọ́ ń pè ní fáńtìn pẹ́ẹ̀nì, ni gègé tí ó ń gbé omi ìkọ̀wé tirẹ̀ sínú ara rẹ̀, tí kò nílò kí akọ̀wé máa tì í bọ inú ìgò lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, tí kò sì ní irin róbótó tí ń yí lẹ́nu bíi ti bírò. Ohun tí ojú ń rí lára rẹ̀ ni dídán rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ tí a fi wúrà tàbí irin ṣe. Ohun tí ó sì sọ ọ́ di gègé ni ohun tí ojú kì í rí, ìyẹn àwọn ihò tí a lu sí inú rẹ̀, tí ọ̀kan gba àpò tàdáwà, tí èkejì gba ẹnu gègé, tí ẹ̀kẹta sì gba orí gègé látòkè délẹ̀ nígbà tí a bá dé e. Láìsí àwọn ihò yìí, ọ̀pá lásán ni. Ẹni tí ó bá dúró ti ẹ̀rọ léètì láti ṣe gègé àkọ́kọ́ rẹ̀ lè ti rò pé ara dídán ni òun fẹ́ gbẹ́, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí yóò fi rí i pé ihò ni iṣẹ́ náà, àti pé inú ni ó ṣòro ju ìta lọ.

Àdúgbò Kado ní Abuja jẹ́ ibi tí ó yẹ kí a ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Ó múlé gbe Jabi, Utako, Mabushi àti Life Camp. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́ ọjà ẹja rẹ̀, àwọn mìíràn sì mọ̀ ọ́n mọ́ Kado Estate, ọgbà ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti ń gbé láti ìgbà pípẹ́. Ìlú Abuja fúnra rẹ̀, tí òfin ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976 dá sílẹ̀, tí ó sì di ibùjókòó ìjọba ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá ọdún 1991, jẹ́ ìlú tí gègé ń jọba lé lórí: owó kì í jáde, ilẹ̀ kì í di ti ẹnìkan, àbá kì í di òfin, láìjẹ́ pé ẹnìkan fọwọ́ sí ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé àwọn tí wọ́n ń jẹun nídìí gègé pọ̀ ní Kado, tí ó sì ṣòro láti rí ẹni tí ó ti lanu gègé kan wò láti mọ bí wọ́n ṣe ṣe é.

Láti orí kálámù dé orí gègé alátàdáwà

Kì í ṣe àwọn òyìnbó ni ó kọ́kọ́ mú gègé dé ilẹ̀ Yorùbá. Ní ilé-kéwú, àwọn ọmọ kéwú ti ń fi kálámù, ìyẹn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ìfefe tí a gé lẹ́nu ṣóńṣó, kọ̀wé sórí wàláà, pátákó tí a ń fọ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ti mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lórí. Láti inú èdè Lárúbáwá ni orúkọ kálámù ti wá. Tàdáwà, omi ìkọ̀wé, sì gba ọ̀dọ̀ àwọn Hausa wọlé. Kálámù rọrùn láti ṣe, nítorí ọ̀bẹ kan péré ni ó gbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni ó lè kọ kí ó tó gbẹ, èyí sì ni wàhálà tí gbogbo ẹni tí ó ń kọ̀wé káàkiri ayé ń bá yí láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Àríwá Áfíríkà ni ọ̀kan nínú àwọn ìtàn àtijọ́ jù lọ nípa ojútùú wàhálà náà ti wá. Al-Qadi al-Nu'man, adájọ́ àgbà tí ó sin àwọn ọba Fatimid, kọ ọ́ sílẹ̀ pé al-Mu'izz, ọ̀kan nínú wọn tí ó gorí ìtẹ́ ní ọdún 953, béèrè fún gègé tí yóò máa gbé tàdáwà sínú ara rẹ̀, tí a lè dojú rẹ̀ dé láìjẹ́ pé ó kán sí ọwọ́ tàbí aṣọ, àti pé oníṣẹ́ ọnà kan ṣe é fún un. Ó lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún lẹ́yìn náà, ní oṣù karùn-ún ọdún 1827, ìjọba Faransé fún Petrache Poenaru, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Romania tí ó wà ní Paris, ní ìwé-ẹ̀rí àṣẹ lórí irú gègé bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, àwọn gègé ìgbà náà a máa gbẹ lójijì, tàbí kí wọ́n da tàdáwà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, títí di ọdún 1884 tí Lewis Waterman ní New York gba àṣẹ lórí ọ̀nà tàdáwà tí ó ní àwọn ìlà tín-ín-rín lára, èyí tí ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé bí tàdáwà ti ń jáde. Nígbà tí László Bíró gba àṣẹ tirẹ̀ lórí bírò ní ọdún 1938, gègé alátàdáwà ti gbajúmọ̀ ní gbogbo ọ́fíìsì ayé, títí kan àwọn ọ́fíìsì amúnisìn ní Nàìjíríà.

Ohun kan yẹ ní àkíyèsí nínú ìtàn yìí. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti wọlé, iṣẹ́ títẹ̀wé sì ti bá a wọlé, débi pé àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Ẹ̀gbá ń to lẹ́tà, wọ́n sì ń fi yíǹkì kùn ún. Nígbà tí gègé alátàdáwà dé ní tirẹ̀, inú páálí ni ó wà, ó ti parí kí ó tó gúnlẹ̀ sí èbúté, kò sì sí oníṣẹ́ kankan tí ó bá a wá. A mọ̀ ọ́n kọ, a kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Bí tàdáwà ṣe ń jáde

Kí a tó lè ṣe gègé, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fi ọ̀bẹ lu agolo mílíìkì rí mọ̀ pé ihò kan kò tó: mílíìkì yóò kán díẹ̀, yóò sì dúró, àfi bí a bá lu ihò kejì sí òdìkejì kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ wọlé láti rọ́pò ohun tí ó jáde. Bí àpò tàdáwà ṣe rí gan-an nìyẹn. Bí tàdáwà bá jáde tí afẹ́fẹ́ kò wọlé, gègé yóò gbẹ lẹ́nu bí ó tilẹ̀ kún nínú. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ráyè wọlé jù, tàdáwà yóò ya sórí ìwé.

Ohun kejì ni agbára tí ń fa omi wọ inú àlàfo tóóró. Nínú fìtílà, epo a máa gun òwú lọ sókè láìsí ẹni tí ó tì í, nítorí pé àlàfo tí ó wà láàárín fọ́nrán òwú kéré débi pé omi a máa lẹ̀ mọ́ ọn, a sì máa fa ara rẹ̀ gòkè. Irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ni ó wà láàárín ẹnu gègé, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí a là ní àárín, àti ọ̀nà tàdáwà, ìyẹn ẹ̀yà dúdú tí ó wà lábẹ́ irin náà, tí a ya ìlà tín-ín-rín sí lára. Tàdáwà gba orí ìlà wọ̀nyí dé ibi tí irin ti là, ó gba ibẹ̀ dé ṣóńṣó, nígbà tí ṣóńṣó bá sì kan ìwé, fọ́nrán inú ìwé gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Akọ̀wé kò ní láti tẹ gègé mọ́lẹ̀ rárá, ìdí sì nìyí tí àwọn àgbàlagbà fi ń sọ pé gègé alátàdáwà kì í tètè rẹ ọwọ́ bíi bírò.

Ẹ̀rọ tí ń yí àti amọ̀kòkò tí ń yí

Léètì ni ẹ̀rọ tí ó ń di ohun tí a fẹ́ gbẹ́ mú ní ẹnu, tí ó sì ń yí i bírí-bírí kí abẹ tí ó dúró sójú kan lè máa bó o títí yóò fi di róbótó. Ó ní ẹ̀yà mẹ́rin tí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Èkíní ni orí, níbi tí mọ́tò ti ń yí ọ̀pá ńlá inú rẹ̀. Èkejì ni ẹnu ìgbámú, tí ó ní eyín mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ń pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti di ohun iṣẹ́ mú ní àárín gbùngbùn. Ẹ̀kẹta ni ìjókòó abẹ, tí a lè fi ọwọ́ yí síwá sẹ́yìn ní ìdiwọ̀n kékeré. Ẹ̀kẹrin sì ni ìdí, tí ó kọjú sí orí, tí a ń fi irin ìlùhò sí kí ó lè wọ àárín ohun tí ń yí ní tààrà.

Ní ilẹ̀ tí Abuja wà lónìí, iṣẹ́ sísọ amọ̀ di ohun oníhò róbótó ti wà tipẹ́ kí léètì tó dé. Ladi Kwali, obìnrin Gbagyi láti Kwali, ìlú tí ó ti di ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Abuja, wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìkòkò tí Michael Cardew dá sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, ìyẹn Suleja òde òní, ní ọdún 1954, àwòrán rẹ̀ sì wà lẹ́yìn owó ₦20. Bí àwọn obìnrin Gbagyi ṣe ń mọ ìkòkò ńlá yàtọ̀ sí ti léètì pátápátá: ìkòkò dúró, amọ̀kòkò ni ó ń rìn yí i ká, tí ó ń fẹ̀yìn rìn, tí ó ń fi ọwọ́ kan tì í láti inú, tí ó sì ń fi èkejì há a láti ìta. Nídìí léètì, ènìyàn dúró, ohun iṣẹ́ ni ó ń yí. Ohun tí ó pa àwọn méjèèjì pọ̀ ni pé bí inú àti ìta kò bá ní àárín kan náà, ògiri yóò nípọn lápá kan, yóò fẹ́lẹ́ lápá kejì, apá tí ó fẹ́lẹ́ ni yóò sì kọ́kọ́ sán.

Léètì kì í ṣe àjèjì ní Abuja. Àwọn oníṣẹ́ irin tí ń há ojú dírọ́ọ̀mù búréèkì ọkọ̀ ń lò ó ní àwọn ọgbà mẹkáníìkì, àwọn tí ń ṣe ẹsẹ̀ àga àti òpó bẹ́ẹ̀dì sì ń lo ti igi. Léètì kékeré tí a lè gbé sórí tábìlì tó fún iṣẹ́ gègé. Mọ́tò ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju nǹkan bí wáàtì 500 lọ, èyí tí ẹ̀rọ ìnfátà ilé lè gbé. Ohun tí ó ya iṣẹ́ gègé sọ́tọ̀ ni ìdiwọ̀n. Ẹsẹ̀ àga tí ó fi mílímítà kan tóbi jù kò ba ìjókòó jẹ́. Ihò gègé tí ó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà tóbi jù kò ní di ẹnu gègé mú mọ́. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Oje igi ìrẹ́

Àwọn tí ń ṣe gègé máa ń lo ọ̀pá oníke tí a dà, igi líle tàbí ẹ́bónáìtì. Ẹ́bónáìtì ni rọ́bà tí a pò pọ̀ mọ́ imí-ọjọ́ púpọ̀, tí ó lè tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, tí a sì sè lórí ooru fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí yóò fi le bí igi. Nítorí pé ó dúdú tí ó sì ń dán bí igi dúdú ni wọ́n ṣe fún un ní orúkọ igi náà ní èdè òyìnbó. Nelson Goodyear ni ó gba àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1851. Ẹ́bónáìtì ni ó dára jù fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí pé abẹ a máa wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́, kì í fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí oníke, kì í sì í fa omi mu kí ó wú bí igi. Èébó rẹ̀ a máa jáde bí okùn gígùn tí ó ká jọ, òórùn imí-ọjọ́ a sì máa gba inú yàrá kan, nítorí náà ni ìbòmú àti fèrèsé ṣíṣí fi jẹ́ dandan.

Ọ̀rọ̀ rọ́bà yìí kan ilẹ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ṣáájú kí igi rọ́bà láti ilẹ̀ Brazil tó gbilẹ̀ ní Nàìjíríà, igi ìrẹ́ wà nínú igbó Ìjẹ̀bú, Oǹdó àti agbègbè wọn, oje rẹ̀ sì ni rọ́bà tí àwọn oníṣòwò òkèèrè ń pè ní rọ́bà Èkó. Ní ọdún 1895, rọ́bà tí ó gba èbúté Èkó jáde ju mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lọ ní ìwọ̀n. Láàárín ọdún díẹ̀, òwò náà ti wó lulẹ̀, nítorí pé àwọn tí ń kọ igi náà lábẹ kò fún un ní àyè láti sinmi, ọ̀pọ̀ igi sì kú lórí ìdúró. Òwò náà bọ́ sí àkókò tí gègé alátàdáwà ń gbòde ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, tí ara rẹ̀ sì jẹ́ rọ́bà líle. Oje lọ, gègé padà wá, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá ojúlùmọ̀ ni wọ́n. Rọ́bà ṣì wà nílẹ̀ dòní. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí rọ́bà ìjọba àpapọ̀ wà ní Iyanomo lẹ́bàá ìlú Benin láti ọdún 1961.

Ẹni tí ó bá fẹ́ igi lè lo igi dúdú, tí àwọn Hausa ń pè ní kanya, tàbí àpá, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ rántí ọyẹ́. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ a máa fa omi inú igi yọ, igi tí kò bá ti gbẹ dáadáa kí a tó gbẹ́ ẹ a sì máa sán lójú ọ̀nà ihò, níbi tí ògiri rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù.

Inú ni a ń kọ́kọ́ ṣe

Gègé alátàdáwà pín sí ẹ̀yà mẹ́ta tí a óò gbẹ́: ibi ìdìmú, tí ìka máa ń wà nígbà ìkọ̀wé, ara, tí ó bo àpò tàdáwà, àti ìdérí. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ìwé, níbi tí a ó ti yàwòrán ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdiwọ̀n rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ibi tí ihò yóò parí sí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ yóò lu ú já ní òdìkejì. Fún gègé tí ó mọ níwọ̀n, ibi ìdìmú lè gùn tó mílímítà 28, ara lè tó 80, ìdérí lè tó 65, a ó sì gé wọn láti ara ọ̀pá ẹ́bónáìtì tí ó fẹ̀ tó mílímítà 16, pẹ̀lú àlékún díẹ̀ fún ìtúnṣe.

Ihò ni a kọ́kọ́ ń lu. Ìdí rẹ̀ ni pé irin ìlùhò lè yà díẹ̀ kúrò ní àárín láìjẹ́ pé a rí i, ṣùgbọ́n bí a bá ti lu ihò tán, a lè fi ihò náà ṣe àárín nígbà tí a bá ń gbẹ́ ìta, kí àwọn méjèèjì lè bára mu. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbẹ́ ìta kí ó dán, tí ó wá lu ihò tí ó yà, kò ní ohun tí ó lè fi tún un ṣe mọ́. Irin kékeré ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, kí a tó máa fi èyí tí ó tóbi jù ú lọ tẹ̀ lé e, títí ihò ara yóò fi fẹ̀ tó nǹkan bí mílímítà 9, èyí tí yóò gba àpò tàdáwà. A ó máa ti irin náà wọlé díẹ̀, a ó máa fà á jáde kí èébó lè bọ́, nítorí pé èébó tí ó bá há sínú ihò a máa mú ooru wá, ooru a sì máa mú kí ẹ́bónáìtì rọ̀, kí ihò sì fẹ̀ ju bí a ti fẹ́ lọ. Àwọn oníṣẹ́ a máa lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ara irin ìlùhò ní ibi tí ó yẹ kí ó dúró sí. Bí téèpù bá ti kan ẹnu ihò, iṣẹ́ parí.

Lẹ́yìn ihò ni tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ìlà yíyípo bíi ti ọrùn ìgò, tí ó ń jẹ́ kí ẹ̀yà kan wọ inú èkejì. Irin tí ń ya tírẹ́ẹ̀dì sí inú ihò ni táàpù. Èyí tí ń yà á sí ara ọ̀pá ni dáì. Ibi yìí ni mọ́tò ti ń sinmi, nítorí pé ọwọ́ ni a fi ń yí wọn: ìyípo kan síwájú, ìdajì sẹ́yìn kí èébó lè já, kí a tó tún tẹ̀ síwájú. Iná mànàmáná lè lọ ní gbogbo Kado ní àkókò yìí kí iṣẹ́ má dúró. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní ibi ìdìmú, níbi tí tírẹ́ẹ̀dì wà ní ìta tí ihò sì wà ní inú, ògiri tí ó kù láàárín wọn lè má ju mílímítà kan lọ, bí a bá sì fi agbára yí dáì, yóò já mọ́ wa lọ́wọ́.

Tírẹ́ẹ̀dì ìdérí ní ìṣòro tirẹ̀. Bí ìlà kan ṣoṣo bá yí i ká, tí ìlà náà ń gbé e lọ síwájú ní mílímítà 0.8 fún ìyípo kan, ìdérí tí ó gbọ́dọ̀ wọlé tó mílímítà 5 yóò gba ìyípo mẹ́fà ó lé díẹ̀ kí ó tó dé, èyí tí yóò sú ẹni tí ó fẹ́ fọwọ́ síwèé kíákíá. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ fi ń ya ìlà mẹ́ta pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ìyípo kan lè gbé ìdérí lọ ní mílímítà 2.4, kí ìyípo méjì ó lé díẹ̀ sì tó. Táàpù àti dáì onílà mẹ́ta kì í ṣe ohun tí a ń rí lórí àtẹ níbi gbogbo, nítorí náà, ó dára kí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fara mọ́ ìlà kan fún gègé àkọ́kọ́.

Ìgbà tí inú bá ti parí ni ìta tó kàn. Abẹ a máa bó o títí yóò fi di ìrísí tí a yà sórí ìwé, a ó máa fi káálípà, ohun èlò ìwọnra tí ó ní ẹnu méjì bí ẹnu ẹyẹ, wọn ìwọ̀n rẹ̀ léraléra, nítorí pé a lè yọ díẹ̀ kún èyí tí a ti yọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè dá èébó padà. Lẹ́yìn náà ni a ó fi pépà ìdán tí a rẹ sínú omi dán an, láti orí èyí tí ó ha jù dé orí èyí tí ó dán jù, títí tí ìmọ́lẹ̀ yóò fi máa tàn lára rẹ̀. Omi yìí ń pa eruku, ó sì ń dènà ooru.

Ẹnu tí a ń rà, ẹnu tí a lè ṣe

Ìbéèrè kan máa ń dìde níhìn-ín: ṣé ẹni tí kò ṣe ẹnu gègé fúnra rẹ̀ lè sọ pé òun ṣe gègé? Ẹnu gègé jẹ́ irin tàbí wúrà tín-ín-rín tí a tẹ̀, tí a là, tí a sì jó irin líle bíńtín kan mọ́ ṣóńṣó rẹ̀ kí ìwé má bàa jẹ ẹ́. Iṣẹ́ yìí gba ẹ̀rọ mìíràn, débi pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe gègé lọ́wọ́ káàkiri ayé, títí kan àwọn olókìkí, a máa ra ẹnu gègé wọn lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ Jámánì bíi Bock àti JoWo. Wọ́n ń tà á papọ̀ mọ́ ọ̀nà tàdáwà nínú ìkòkò kékeré oní-tírẹ́ẹ̀dì, iṣẹ́ ẹni tí ń gbẹ́ gègé sì ni láti ya irú tírẹ́ẹ̀dì kan náà sí inú ibi ìdìmú. Alágbẹ̀dẹ tí ó ra irin kò sọ pé òun wa irin. Síbẹ̀ ọkọ́ tí ó rọ jẹ́ tirẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere jù nípa bí irú iṣẹ́ yìí ṣe lè ta gbòǹgbò wà ní ilẹ̀ Íńdíà. Ní ìlú Rajahmundry, ní Andhra Pradesh, K. V. Ratnam bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ gègé ẹ́bónáìtì lórí léètì ní àwọn ọdún 1930, ní àkókò tí Gandhi ń rọ àwọn ènìyàn rẹ̀ láti lo ohun tí ọwọ́ ara wọn bá ṣe, kí wọ́n má ra ti àwọn amúnisìn mọ́. Ratnam fi gègé kan ránṣẹ́ sí Gandhi, lẹ́tà ìdáhùn tí ó gbà ní ọdún 1935 sì jẹ́rìí pé gègé náà ṣiṣẹ́, ó sì lè dípò ti òkèèrè. Ìdílé Ratnam kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn gègé Íńdíà irú èyí ni kò ní àpò tàdáwà lọ́tọ̀. Ihò inú ara ni àpò, a sì ń fi ìgò ìkánlójú da tàdáwà sínú rẹ̀. Ọ̀nà yìí rọrùn fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kado pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bí tàdáwà bá ti lọ sílẹ̀, ooru ọwọ́ a máa mú kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wú, kí ó sì ti tàdáwà jáde lójijì, èyí tí kì í dára lára agbádá funfun.

Ẹ̀kọ́ àwọn alùhò Ìlọrin

Ní ọdún 2016, Ogbonnaya Onu, mínísítà fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀-ẹ̀rọ nígbà náà, kéde pé Nàìjíríà yóò máa ṣe pẹ́ńsùlù fúnra rẹ̀ tí ó bá fi máa di ọdún 2018. Àwọn ènìyàn fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn kan ní ohun kékeré ni pẹ́ńsùlù, àwọn mìíràn ní ọdún méjì ti pọ̀ jù fún un. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti lu ihò títọ́ kan sínú ọ̀pá tín-ín-rín kò ní fi í ṣe ẹlẹ́yà tó bẹ́ẹ̀. Pẹ́ńsùlù pàápàá, igi oníhò ni. Nàìjíríà ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe bírò, lára wọn ni Lucky Stationery tí BIC ti ilẹ̀ Faransé rà. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ńlá ń ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan kì í kọ́ ọwọ́ ènìyàn ní ìdiwọ̀n bí léètì kékeré ti ń kọ́ ọ.

Ìmọ̀ ihò lílu sì ti wà nílé rí. Ní Ìlọrin, títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ lántànà ń gé òkúta pupa, wọ́n ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pààrọ̀ lemọ́lemọ́ lu ihò sí àárín rẹ̀, kí wọ́n tó fi ara rẹ̀ yí ojú òkúta títí yóò fi máa dán. Láti orí méjèèjì ni wọ́n ń lu ú, kí ihò méjèèjì lè pàdé ní àárín òkúta níbi tí ojú kò tó. Òkúta tí ihò rẹ̀ bá yà a máa là sí méjì lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ òkèèrè tí kò wọ́n dé, àwọn ọmọ kò kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ baba mọ́, òkúta pupa wà síbẹ̀, ọwọ́ tí ó mọ ihò ni ó pòórá.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ gègé ṣe rí. Rọ́bà kò wọ́n wa, igi dúdú kò wọ́n wa, léètì wà ní ọgbà mẹkáníìkì, iye ìfọwọ́síwèé tí ń jáde ní Abuja lójoojúmọ́ kò sì lóǹkà. Ohun tí gègé àkọ́kọ́ ń béèrè ni kí ẹnìkan dúró pẹ́ tó nídìí ohun tí kò ní hàn sí ẹni tí yóò rà á, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó tún un wọ̀n, kí ó sì gbà láti sọ ọ̀pá tí ó yà nù kí ó tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Bí irú gègé bẹ́ẹ̀ bá ti ọwọ́ ẹnìkan jáde ní Kado, tí ó sì tú ìdérí rẹ̀ láti fọwọ́ sí ìwé kan, àwọn tí ó jókòó yí i ká yóò yìn ín nítorí bí ó ti ń dán. Òun nìkan ni yóò mọ̀ pé ihò inú rẹ̀ tọ́.